Bọ́ọ̀sì Tí Ojú Ń Fẹ́: Ọ̀dájú Ẹlẹ́wà Nínú Fíìmù Wa àti Nínú Ìtàn Ùgbò

Nínú fíìmù October 1, ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí Ọmọọba Adérọ̀pò padà dé sí ìlú Akote. Ọdún 1960 ni, òmìnira Nàìjíríà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ ọba sì ti kàwé gboyè ní yunifásítì, ohun tí ọmọ Akote kankan kò tíì ṣe rí. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ń rí òkú àwọn ọmọbìnrin nínú igbó. Ẹnì kan ń fipá bá wọn lò, ó sì ń pa wọ́n. Ọlọ́pàá ti dé láti Òkè Ọya, ó ń bi tọ̀tún tòsì léèrè. Àwọn ará ìlú ń fura sí àlejò, wọ́n ń fura sí tálákà, wọ́n ń fura sí ara wọn. Ọmọọba ń rìn láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí àgbà bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí kí àgbà, kò sì sí ẹni tó wá sí lọ́kàn láti bi í léèrè ibi tó wà lálẹ́ àná. Òun ni apààyàn náà.

Mo tú àṣírí fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ta ló pa wọ́n kọ́ ni mo fẹ́ kọ lé lórí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé lẹ́yìn tí àṣírí bá tú, ìfẹ́ tí òǹwòran ní sí Adérọ̀pò kì í tán. Á dín kù, á di kíkorò, ṣùgbọ́n kì í tán. Mo ti bá àwọn tó wò ó sọ̀rọ̀ ní Ìgbòkọ̀dá àti ní àwọn abúlé etí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn léraléra: ìkà ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà dára. Ìwà lẹwà làwọn àgbà wa ń wí, a sì ń wí i lójoojúmọ́. Kí ló wá dé tí ẹni tí kò níwà fi ń wù wá lójú tó bẹ́ẹ̀, tí a sì ń sanwó láti wò ó?

Èrò mi ni pé ẹwà irú ọ̀dájú bẹ́ẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àwa òǹwòran la yá a lẹ́wà. Ohun tí ìlú ti ń fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni olùdarí eré fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: ìran rere, ìwé, ohùn pẹ̀lẹ́, aṣọ tó mọ́. Bí ó ṣe ń fà wá mọ́ra yẹn, ohun tí àwa fúnra wa ń bọ lọ́kàn ló ń fà wá.

Kúnlé Afọláyan ló darí October 1, Túndé Babalọlá ló kọ ọ́, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2014. Wọ́n ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, ṣùgbọ́n ní apá òkè tí kòkó ti ń so, tó jìnnà sí ẹrẹ̀ àti omi iyọ̀ tiwa. Ó gba ẹ̀bùn 9 níbi ayẹyẹ AMVCA ọdún 2015. Ní etíkun Ìlàjẹ, orí CD la ti kọ́kọ́ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, tí omi sì ń ṣàn kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní irú ilé fídíò bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe àwọn òṣèré inú fíìmù. Ẹni rere ni áátọ̀. Ẹni ibi ni bọ́ọ̀sì. Áátọ̀ kì í kú, gbogbo ayé ló mọ̀, ìdí sì nìyí tí ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé e. Bọ́ọ̀sì ló lè ṣe ohunkóhun nígbàkígbà. Ìrìn bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọdé máa ń rìn padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ gbé Adérọ̀pò kalẹ̀. Ẹni méjì ni fíìmù náà gbé síwájú wa. Ọ̀kan ni Danladi Waziri, ọlọ́pàá tí Sadiq Daba ṣe. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókí, àlejò ni ní ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ilé ìjọba òyìnbó ló sì ti wá. Èkejì ni Adérọ̀pò tí Démọ́lá Adédoyin ṣe. Ọ̀dọ́ ni, awọ ara rẹ̀ ń dán, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mu omi, kò sì gbàgbé Yorùbá. Kámẹ́rà kì í kánjú kúrò lójú rẹ̀. Waziri ń bẹ nínú òjìji àti nínú yàrá ìwádìí, ọmọọba ń bẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láàárín èrò. Nígbà tí apààyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, a kì í rí ojú rẹ̀, nítorí náà àwòrán méjèèjì kì í pàdé lọ́kàn wa: ojú kan tí a rí tí kò ṣe nǹkan, ọwọ́ kan tí ń ṣe nǹkan tí kò lójú. Orí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo fíìmù náà ń rìn.

Ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí àlàfo yìí ni Usman Dangari. Arìnrìn-àjò ará Òkè Ọya ni, wọ́n mú un nítorí pé ó jẹ́ àlejò, Waziri sì rí i pé òun kọ́ ló ṣe é. Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pátápátá, Okafor, bàbá tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó kú, ti pa á. Kanayo O. Kanayo ló ṣe Okafor, ó sì ṣe é débi pé a kò lè bínú sí i tán. Èyí ni ibi tó jinlẹ̀ jù nínú October 1 lójú tèmi. Ìlú kan náà tó ń jó níwájú ọmọọba ló ń fi ìka na aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ohun kan náà ló sì fa méjèèjì. Ọmọ onílé kò lè ṣe é, nítorí náà àlejò ló ṣe é. Òǹwòran tó ti fẹ́ràn Adérọ̀pò láti ìran àkọ́kọ́ ti bá wọn dá ẹjọ́ yẹn kó tó mọ̀ pé ẹjọ́ lòun ń dá. Nígbà tí ara Dangari bá ṣubú lulẹ̀, ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ń jẹ gúgúrú níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ó dá mi lójú pé Afọláyan àti Babalọlá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, nítorí ọ̀nà náà ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1943, Alfred Hitchcock gbé fíìmù Shadow of a Doubt jáde ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Charlie, tí Joseph Cotten ṣe, dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Santa Rosa, ní Kalifóníà. Ẹ̀bùn ló kó bọ̀ fún gbogbo ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ayé lọ. Àwọn opó olówó ni ọkùnrin náà ń pa. Nígbà tí ó kú, wọ́n sin ín tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ ní Santa Rosa, ọmọbìnrin náà àti ọlọ́pàá kan dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ irú ẹni tí wọ́n ń sin. Ẹ fi èyí wé ìparí October 1, níbi tí àwọn òyìnbó ọ̀gá Waziri ti rọ̀ ọ́ kí ó pa ẹnu mọ́, nítorí pé orílẹ̀-èdè tuntun kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọba tó ń pa ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀. Ìlú méjèèjì jọ rí ojú rere, wọ́n sì jọ kọ̀ láti rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ní Santa Rosa, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà jẹ́ àánú fún ìyá kan àti ilé kan. Ní Akote, ìjọba ló pàṣẹ rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé fíìmù Nàìjíríà yìí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí Hitchcock kò gbé e dé.

(Ọdún 1960 tí wọ́n fi ìtàn October 1 sí ni Hitchcock náà gbé Psycho jáde, níbi tí Anthony Perkins ti ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin onítìjú tó ń tọ́jú òtẹ́ẹ̀lì. Irú ọ̀dájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí ti tàn ká gbogbo ayé láti ìgbà náà. Anthony Hopkins kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 lọ lójú fíìmù The Silence of the Lambs ní ọdún 1991, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar òṣèrékùnrin tó ga jù.)

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa láti fẹ́ràn ọ̀dájú kò ì tíì jókòó sídìí àlọ́. Ìjàpá ń jalè, ó ń pa irọ́, ó ń da ọ̀rẹ́, ó sì lè ta àna rẹ̀, síbẹ̀ òun ni gbogbo ọmọ ń dúró dè kí ó tó sùn. Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Láti ìgbà tí a bá ti dárúkọ Ìjàpá ni a ti mọ̀ ọ́n lólè. Àlọ́ kì í fi í pamọ́ fún wa, ẹranko yòókù nìkan ni kò mọ̀. Fíìmù onífura ti gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa, ó sọ àwa náà di ọ̀kan nínú àwọn ẹranko yòókù. Ìdí nìyí tí ìdùnnú rẹ̀ fi ní ẹ̀rù nínú, tí ti àlọ́ kò fi ní in.

Ṣùgbọ́n àwa ará etíkun ní ìdí mìíràn láti ronú lórí ẹni ibi, ìdí tí ará òkè lè má ní. Nínú ìtàn kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, àwa ni bọ́ọ̀sì.

Ìtàn Mọremí ni mò ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ni pé àwọn ọ̀tá kan ń ti inú igbó wá, wọ́n ń kó oúnjẹ, wọ́n ń kó ènìyàn lọ. Ìko àti koríko bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn Ifẹ̀ sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọ́n á ju ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n á sá. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Èsìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ọba àwọn ọ̀tá rí ẹwà rẹ̀, ó fi í ṣe aya. Lórí ibùsùn ọba ni àṣírí ti tú: ènìyàn ni wọ́n, iná sì lè jó ìko. Mọremí sá padà sílé. Nígbà tí wọ́n tún dé, Ifẹ̀ gbé ògùṣọ̀ jáde. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ni odò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Ifẹ̀ sì ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí Mọremí títí di òní. Ní ọdún 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ère tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ní ọdún 2018, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé ìtàn rẹ̀ ka orí ìtàgé ní Èkó pẹ̀lú orin àti ijó.

Àwọn ará Ùgbò, tí ìlú wọn wà lára Ìlàjẹ tiwa yìí, ń sọ pé àwọn baba ńlá àwọn ni àwọn aláṣọ ìko yẹn. Wọ́n sọ pé àwọn ni wọ́n ni Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé Ọ̀sángangan Ọbamákin ni aṣáájú wọn, pé ṣe ni wọ́n lé wọn jáde títí wọ́n fi dé etí omi. Olúgbò, ọba wọn, ti sọ èyí ní gbangba, àríyànjiyàn sì ti wáyé lórí rẹ̀ láàárín ààfin àti ààfin, láàárín ọ̀mọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé. Èmi kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Lámèyítọ́ ni mo jẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ìtàn ni mo ń wò. Bí ohun tí Ùgbò wí bá jẹ́ òtítọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní afipákóni yẹn ń padà sínú ilé wọn ni. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró bó ti wà, ìko, ìbẹ̀rù, ògùṣọ̀. Ojú tí a fi ń wò ó nìkan ló yí.

Ẹ tún wo ìtàn náà bí ẹni wo fíìmù onífura, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Ẹ̀kú wà níbẹ̀, àṣírí wà níbẹ̀, amí wà níbẹ̀, ìfẹ́ tó jẹ́ tàkúté wà níbẹ̀. Ta ló wá ń fi ẹwà tan ènìyàn jẹ nínú rẹ̀? Mọremí ni. Òun ló wọ ilé onílé pẹ̀lú ojú rere àti ète méjì, gẹ́gẹ́ bí Charlie ṣe wọ Santa Rosa. A kò pè é ní ọ̀dájú, kò sì yẹ ká pè é bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ ìyà tó ń jẹ ìlú rẹ̀, a sì mọ ohun tó san. A mọ̀ ọ́n nítorí pé ìtàn jẹ́ ká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní etí odò nígbà tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọba Ùgbò kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹnu tó ń sọ ìtàn náà, kò tilẹ̀ lórúkọ. Síbẹ̀ òun ló fọkàn tán ẹlòmíràn jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó sọ ohun tó lè pa á fún obìnrin tó fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó wá sí i lọ́kàn nígbà tó rí ògùṣọ̀ àkọ́kọ́ tó sì mọ ẹni tó sọ.

Láti ibi tí mo dúró sí yìí ni mo ti padà wo Adérọ̀pò. Ohun tí fíìmù onífura ṣe fún ẹni ibi ni pé ó fún un ní etí odò tirẹ̀. Ó jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ojú rere yẹn ló ń dá wa dúró, kí a má baà dìde kúrò kó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá burẹ́wà tó sì ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kí ó tó la ẹnu, bí àwọn Ifẹ̀ ṣe ń sá kí wọ́n tó rí i pé ènìyàn ló wà nínú ìko.

Ẹjọ́ Adérọ̀pò wúwo. Alàgbà òyìnbó kan, Dowling, ló mú òun àti ọmọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Àgbẹ̀kọ̀yà lọ sí Èkó láti kàwé. Ó ń bá àwọn ọmọkùnrin náà ṣe ìṣekúṣe. Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ ṣe, sá padà sí oko kòkó, ó pa ìwé tì títí ayé. Adérọ̀pò dúró níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó gba ìwé, ó sì pinnu pé wúńdíá mẹ́fà ni òun yóò pa, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Tawa, olùkọ́ tí Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló fẹ́ fi ṣe ẹ̀kẹfà. Ìwé tí gbogbo ìlú ń yọ̀ mọ́ ọn lórí ni wọ́n fi bà á jẹ́. Mo mọyì èrò yẹn gan-an. Ó ya mí lẹ́nu pé fíìmù Nàìjíríà lè sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin jáde tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń yọ̀. Bí ìdáhùn bá ti dé, gbogbo nǹkan tó ṣòro nínú Adérọ̀pò yóò di ìṣirò. Ọdún mẹ́fà, ọmọbìnrin mẹ́fà. Ẹ̀rín rẹ̀ tó ń dà wá láàmú tẹ́lẹ̀ wá di àmì àìsàn, orílẹ̀-èdè sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí àkọlé ara ògiri: òyìnbó fipá bá ọmọ lò, ọmọ wá ń pa ilé. Òwe náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ti tóbi ju ènìyàn tó gbé e rù lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọbìnrin ló san owó òwe náà. Yàtọ̀ sí Tawa, kí ni a mọ̀ nípa wọn? A mọ ìbànújẹ́ Okafor ju bí a ti mọ ọmọ rẹ̀ lọ. A mọ ohun tí Dowling ṣe fún ẹni tó pa wọ́n, a kò mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn láti jẹ. Bí ojú rere ọ̀dájú bá ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú fíìmù, orí àwọn tó pa ni òkùnkùn ń bò. Irú ìwà ìkà kan nìyẹn náà, ọwọ́ olùdarí ló sì wà.

Afọláyan kan náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa ju báyìí lọ ní ọdún márùn-ún ṣáájú October 1. The Figurine, tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ń jẹ́ Araromire, jáde ní ọdún 2009. Kẹ́mi Adésọyè ló kọ ọ́. Àwọn agùnbánirọ̀ méjì, Ṣọlá àti Fẹ́mi, rí ère òrìṣà kan nínú igbó. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí ire fún ọdún méje, ibi yóò sì tẹ̀ lé e fún ọdún méje. Kúnlé Afọláyan ṣe Ṣọlá, Ramsey Nouah ṣe Fẹ́mi, Omoni Oboli sì ṣe Mona tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn. Ṣọlá ló fẹ́ Mona. Fẹ́mi di ọ̀rẹ́ ilé.

Kò sí ohun tí Fẹ́mi ní lára ohun tí Adérọ̀pò ní. Kì í ṣe ọmọ ọba, ara rẹ̀ kò le, kì í gbé ohùn sókè. Ẹwà tirẹ̀ ni pé ó ń ṣe sùúrù. Òun ni ọ̀rẹ́ tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, tó ń gba àpò lọ́wọ́ ìyàwó ilé nígbà tí ọkọ ń rojọ́. Nouah ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọkọ àfẹ́sọ́nà nínú fíìmù, àwọn obìnrin kárí Nàìjíríà sì mọ ojú rẹ̀ sí ojú ẹni tó lè fẹ́ni. Afọláyan lo ìmọ̀ yẹn. Ojú tí a ti fọkàn tán nínú fíìmù ogún ni a ń fọkàn tán nínú èyí náà. Nígbà tí àṣírí bá tú pé ọwọ́ Fẹ́mi wà nínú ibi tí gbogbo ilé ń dì ru òrìṣà, òǹwòran yóò ronú padà sẹ́yìn, yóò rí i pé gbogbo oore tí Fẹ́mi ṣe ni wọ́n fi hàn òun, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ó fẹ́ràn Mona lóòótọ́. Ìfẹ́ òtítọ́ náà ló sọ ọ́ di ìkà.

Wọn kò fún wa ní Dowling kankan. Kò sí ẹni tó ṣe Fẹ́mi bẹ́ẹ̀. Fíìmù náà parí pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, tó ń bi òǹwòran léèrè ohun tí òun gbàgbọ́: ṣé òrìṣà ni àbí ọ̀rẹ́? Mo ti rí i tí ìbéèrè yẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wò ó. Àwọn oníjọ aláṣọ funfun ń sọ pé ère náà ló ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé Fẹ́mi ni, obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan sì sọ pé òrìṣà kì í ní ọwọ́ láti fi ṣe nǹkan, ọwọ́ ènìyàn ló ń yá lò. Èmi kò rí lámèyítọ́ tó dára ju gbólóhùn yẹn lọ. Nouah gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó ga jù níbi ayẹyẹ AMAA ọdún 2010, fíìmù náà sì gba ti fíìmù tó dára jù. Ní ọdún 2014, Adéṣínà Afọláyan ṣe olóòtú odidi ìwé lámèyítọ́ lórí rẹ̀. Ó tọ́ sí i.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba àwọn ọ̀dájú tí wọn kì í fi ara pamọ́, nítorí pé àwọn náà ń fa èrò. Olóyè Aṣíyanbí nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání, tó jáde ní 1993, tí Kareem Adépọ̀jù tí a mọ̀ sí Bàbá Wáńdé ṣe, jẹ́ ọmọ Ìjàpá pátápátá: a mọ olè rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá a sá fún ikú. Ẹníọlá Sàlámì nínú King of Boys ti Kẹ́mi Adétíbà, ní ọdún 2018, jẹ́ nǹkan mìíràn. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe obìnrin tó ń pàṣẹ fún àwọn ọ̀daràn àti àwọn olóṣèlú. Ó ń jó, ó ń nawọ́ owó, ó ń pa ènìyàn. Àwọn obìnrin tó ń sanwó wò ó kò fẹ́ di apààyàn. Wọ́n fẹ́ rí obìnrin tó wọ yàrá tí gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀ dìde. Wọ́n yá a lẹ́wà nítorí ohun tí àwọn kò rí gbà níta, ìyẹn sì tún jẹ́ ẹ̀rí sí ohun tí mo sọ ṣáájú.

Lórí ìtàn Mọremí àti Ùgbò yẹn, fíìmù kan wà tí mò ń dúró dè tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà. Ó yẹ kí wọ́n yà á ní ilẹ̀ Ùgbò, láàárín ọ̀pẹ ìko, kí kámẹ́rà rẹ̀ wà nínú aṣọ ìko pẹ̀lú ẹni tó wọ̀ ọ́, kí a gbọ́ bí ìko gbígbẹ ṣe ń dún tí ó sì ń yún ọrùn, kí a rí Ilé-Ifẹ̀ láti àárín fọ́nrán rẹ̀. Kí òṣèré tí yóò ṣe ọba náà jẹ́ ẹni tí ìyá wa yóò ṣílẹ̀kùn fún lóru láìbéèrè. Kí wọ́n jẹ́ kó sọ ẹjọ́ rẹ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ baba rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ débi tí ara Ifẹ̀ tó ń wò ó yóò fi yí ìjókòó padà. Ṣùgbọ́n kí ìkógun jẹ́ ìkógun. Àwọn tí wọ́n dì lókùn nínú igbó kì í ṣe òwe fún ìbànújẹ́ ọba. Kí àwọn obìnrin Ifẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú kí Mọremí tó dé ní ilé, kí wọ́n ní àárẹ̀, kí wọ́n máa jà lórí ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́, kí a sì gbọ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí a tó gbọ́ orúkọ ọba.